Ìlú Tí Ọ̀nà Kan Péré Wọ Ọjà Rẹ̀

Ìjọba ti ń fi owó pe èèyàn kúrò ní ìlú ńlá báyìí, bí ẹni ń fi ọkà pe adìẹ. Ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà ṣòfin tirẹ̀ ní 2018: ẹni tó bá kó wá, tó sì ń ti ilé ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ tó wà níbòmíì, lè gbà tó 10,000 dọ́là láàárín ọdún méjì nígbà náà. Ọdún yẹn kan náà ni ìlú Tulsa, ní Amẹ́ríkà náà, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, 10,000 dọ́là náà ni, àpò àjọ aláàánú kan ló sì ti ń jáde. Ní Japan, láti oṣù kẹrin 2023, ìdílé tó bá kúrò ní Tokyo lọ sí ìgbèríko lè gbà tó mílíọ̀nù kan yẹ́nì, kí wọ́n tún gba tó mílíọ̀nù kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan.

A ò lòdì sí kíkó lọ sí ìlú kékeré. Ohun tí a lòdì sí ni kí wọ́n máa fi owó ìkíni-káàbọ̀ bo ohun tí ìlú náà kò ní mọ́lẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe àròsọ. Ẹni tó ń lo wákàtí kan lọ síbi iṣẹ́, tó tún ń lo wákàtí kan bọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 48 lọ́dún, jókòó sínú ọkọ̀ fún wákàtí 480. Ogún ọjọ́ gbáko nìyẹn, tọ̀sán tòru. Bí ìrìn náà bá di ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àlọ, mẹ́wàá ní àbọ̀, ọjọ́ 16 ó lé ló máa padà sọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀gá tó máa fún un ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Owó ilé á fúyẹ́. Ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kò ní tò sórí ìlà láti àárọ̀; á rí akọ̀wé lójúkojú. (Ìyẹn náà ní tirẹ̀ nínú o: akọ̀wé tí ẹ bá jà lónìí, òun náà lẹ máa jókòó tì nípàdé òbí lọ́la.)

Àmọ́ ìṣirò tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe kì í ju ìlà méjì lọ: iye owó ilé níbí, iye owó ilé lọ́hùn-ún. Wọ́n á yọ ọ̀kan nínú èkejì, inú wọn á dùn, wọ́n á palẹ̀ ẹrù mọ́. Àwọn ìlà tí wọn ò kọ ló ń pa wọ́n lára. Níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń kọjá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó ń wo aago. Níbi tó ti ń kọjá lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí, ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́ máa dúró fún ìṣẹ́jú 58. Tó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀mẹta, á lọ ra ọkọ̀. Bí tọkọtaya bá ń ṣiṣẹ́ ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọkọ̀ ti di méjì: táyà mẹ́jọ, adójútòfò méjì, epo ọkọ̀ méjì. Ẹ fi owó ìrìn-àjò kún un, torí òbí, ọ̀rẹ́ àti ìpàdé iṣẹ́ kò bá yín kó. Owó oṣù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún 2020, Facebook kéde pé òṣìṣẹ́ tó bá kó lọ síbi tí nǹkan ti dínwó, owó oṣù rẹ̀ á bá ibẹ̀ mu. Ọ̀gá tó ní kí ẹ máa ti ilé ṣiṣẹ́ lónìí sì lè ní kí ẹ padà sí ọ́fíìsì lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ béèrè méjèèjì, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní àkọsílẹ̀, kí ẹ tó sọ fún onílé pé ẹ ń lọ.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló wúwo jù. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní ìlú kékeré, ọ̀nà kan péré ló sábà máa ń wọ̀ ọ́: ọsibítù kan, iléeṣẹ́ ńlá kan, iléèwé girama kan, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kan. Nígbà tí ẹyọ kan yẹn bá ń ṣiṣẹ́, ìlú náà tura ju ìlú ńlá lọ. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́ lojú ń là.

Kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ ya ọ̀lẹ. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀. Bí nọ́ọ̀sì kan bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40, ó gba èèyàn mẹ́rin ó lé kí àga kan ṣoṣo má bàa ṣófo tọ̀sán tòru. Ẹ ka ìsinmi àti àìsàn mọ́ ọn, ó di márùn-ún, nígbà míì mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún agbẹ̀bí, fún ẹni tó ń ka àwòrán inú orí, fún dókítà tó ń fún èèyàn lóògùn oorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Aboyún méjì ló bímọ lọ́sẹ̀ náà o, ogún ni o, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ yìí kò yí padà. Ìdí nìyẹn tí yàrá ìgbẹ̀bí fi máa ń wà lára ohun tí ọsibítù kékeré ń kọ́kọ́ tì. Ọwọ́ tí kò sì rí iṣẹ́ ṣe tó, ṣe ló ń gbàgbé iṣẹ́.

Ẹ wo àrùn rọpárọsẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ọpọlọ gbọ́dọ̀ wọ ara láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ fún aláìsàn láìkọ́kọ́ ya àwòrán orí rẹ̀, torí bó bá jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, abẹ́rẹ́ náà lè pa á. Ká ní ọkọ̀ áńbúláǹsì kan ṣoṣo ló wà nílùú, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹlòmíì dé ọsibítù tó jìn tó wákàtí kan ààbọ̀. Kó padà wá, kó tún lọ: wákàtí mẹ́ta ti lọ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán. Ẹni ọdún 25 lè má ro èyí. Ẹni tó ń kó òbí dání gbọ́dọ̀ rò ó.

Iṣẹ́ náà kò yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ló rí iṣẹ́ tí ìdílé fi kó lọ. Ẹnì kejì á máa wá tirẹ̀ títí á fi sú u. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ọkọ kọ orúkọ iléeṣẹ́ mẹ́ta tó lè gbà á síṣẹ́ nílùú náà, kí aya kọ mẹ́ta tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ tí ẹ̀yin àti ọ̀gá bá jà, àfi kí ẹ tún kó. Kíkó kúrò níbẹ̀ sì le ju kíkó wọbẹ̀ lọ: bí iléeṣẹ́ ńlá yẹn bá ti ilẹ̀kùn, oṣù kan náà ni gbogbo èèyàn máa gbé ilé wọn sọ́jà, láìsí ẹni tó máa rà á, nígbà tí ilé ní ìlú ńlá ti wọ́n kọjá ohun tí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ háyà ilé fún oṣù 12 kí ẹ tó ronú rírà.

Kí ẹ tó háyà náà, ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀kan jẹ́ ìgbà tí ojú ọjọ́ burú jù níbẹ̀. Ẹ fi ọkọ̀ wọn ọ̀nà dé ọsibítù tó ní ẹ̀rọ àwòrán orí, ní òru. Ẹ pe dókítà, ẹ bi í bóyá ó ṣì ń gba aláìsàn tuntun. Ẹ dán íntánẹ́ẹ̀tì wò ní aago mẹ́jọ alẹ́, nínú ilé yẹn gan-an, torí níbi tí wáyà tẹlifóònù àtijọ́ ló ń gbé e, bí ilé bá ṣe jìnnà sí ibùdó tẹlifóònù ni agbára rẹ̀ ń dín. Bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára gbé nǹkan wọlé sọ́dọ̀ yín ni olùtajà máa ń pariwo. Bó ṣe ń yára gbé ohùn àti àwòrán yín jáde ni kí ẹ béèrè. Ìpàdé kan tó ní àwòrán tó já geere ń jẹ mégábíìtì mẹ́ta sí mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àgbà méjì àti ọmọ kan, ẹ wá nǹkan bíi méjìlá.

Ilé yúrò kan tí àwọn ìlú kan ní Ítálì ń tà, ọgbọ́n kan náà ni. Ní ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹni tó rà á gbọ́dọ̀ tún un ṣe láàárín ọdún mẹ́ta, kó sì fi owó ìdúró, tó sábà máa ń jẹ́ 5,000 yúrò, sílẹ̀. Bí bíríkìlà ìlú bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ogún èèyàn tò dè é, ọdún mẹ́ta yẹn kò ní tó.

Nítorí náà, kí àwọn ìjọba gbé owó yìí kúrò ní àpò àlejò, kí wọ́n fi ra ohun kejì: áńbúláǹsì kejì àti àwọn tó máa wà á, bọ́ọ̀sì tó ń kọjá lẹ́ẹ̀mejì ní wákàtí, wáyà kejì tó gba ọ̀nà mìíràn wọ̀lú. Èyí á dá àwọn ọmọ ìlú tó fẹ́ lọ náà dúró. Sọ̀wédowó àlejò kò lè ṣe ìyẹn. Bí wọ́n bá sì taku pé àfi kí àwọn pín owó, kí wọ́n tún àdéhùn rẹ̀ kọ. Ní Japan, ẹni tó bá kúrò kí ọdún márùn-ún tó pé máa dá owó náà tàbí ìdajì rẹ̀ padà. Ó yẹ kí ìwé kan náà kọ ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì, dókítà àti íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣèlérí gbọ́dọ̀ dé, kó sì là á mọ́lẹ̀ pé bí wọn ò bá dé lọ́jọ́ náà, àlejò lè lọ láì san kọ́bọ̀ padà.