Wáyà LiPo gbá ara wọn mú, ṣé kí n tún un lò?

Fọ́tò_Yaba: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Drone ni mo fi ń ya òde ìgbéyàwó. Níbi tí mo ti ń sọ́dà ẹnu wáyà tuntun sára bátìrì LiPo mi (lithium tó ń gba ṣájà; 3S, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta; 2200mAh) lánàá, pupa gbá dúdú mú. Pàù! Ẹnu wáyà yọ́, mo já a kúrò kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá méjì. Kò wú, kò gbóná. Mítà ka fólítì sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan: 4.1, 4.1, 3.9. Ṣé mo lè gbé e sórí ṣájà? Sátidé ni iṣẹ́.

Ọmọ_Alaba: Kò wú, kò gbóná, kí ló tún kù? Gbé e sórí ṣájà jàre.

Ẹlẹ́tíríkì_Mushin: Ẹ má tíì gbé e sórí ṣájà o, bọ̀dá. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n jọ máa rìn ni, 4.2 nígbà tó bá kún. Ọ̀kan ti ń dá wálẹ̀. Ẹ gbé e síta, sórí sìmẹ́ńtì tàbí inú ìkòkò amọ̀, kó jìnnà sí kọ́tìnì àti sílíńdà gáàsì. Ẹ tún un wọ̀n lọ́la. Bí ti kẹta bá tún sọ̀kalẹ̀, inú rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bó bá wú, tàbí tó ń rùn bí oje tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ó ti parí.

Ìyá_Ìbejì_Àgége: Ti íńfátà wa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bu omi sí i, á dáa.

Fọ́tò_Yaba: Mà, tèmi kò níhò omi o. Èyí tó pẹlẹbẹ, tó wà nínú ọ̀rá ni.

Ọmọ_Alaba: @Ẹlẹ́tíríkì_Mushin 3.9 kì í ṣe òkú bátìrì! Mo ti lo èyí tó wà ní 3.5 rí.

Ẹlẹ́tíríkì_Mushin: Ṣé gbogbo wọn ló jọ wà ní 3.5, àbí ọ̀kan ló dá wálẹ̀? Ìyẹn ni mò ń wí. Bó bá jẹ́ 25C (ìyẹn 2200mAh yẹn lọ́nà 25), amp 55 ló lè máa tú jáde láìdúró. Ìgbà tí wáyà gbá ara wọn mú, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ_Alaba: Ìwé lo kà. Láti 2009 ni mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe.

Ẹlẹ́tíríkì_Mushin: Ọdún kì í wọn iná, mítà ló ń wọn ọ́n.

Ọmọ_Alaba: Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Ṣé o mọ ọjọ́ orí mi?

Aláṣọ_Balogun: Ẹ lọ yanjú ẹ̀ lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gbà 😂 Bọ̀dá fọ́tò, èló lẹ ń gbà? Tèmi ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá.

Bàrígà_Bọ́ì: Ẹ fi sí fírísà kó tutù.

Ẹlẹ́tíríkì_Mushin: Fírísà kẹ̀! Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ jáde, omi á sẹ̀ sí i lára. Ẹ GBÉ E SÍTA. SÍTA NI MO WÍ.

Ọmọ_Alaba: Ariwo kọ́ ni ìmọ̀. Àgbà ni mo jẹ́ fún ọ.

Ẹlẹ́tíríkì_Mushin: Àgbà tó ní kí ọmọ ọlọ́mọ gbé iná wọ yàrá sùn? LiPo gbaná lórí ṣájà níṣojú mi. Ó wú bí pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, ó súfèé, kí n tó dìde, kọ́tìnì ti ń jó.

Ọmọ_Alaba: Ṣájà burúkú ló fà á.

Ẹlẹ́tíríkì_Mushin: Ṣájà tí mo fi ọwọ́ ara mi rà?

Ọmọ_Alaba: Ìyẹn gan-an ni mo wí.

Ìyá_Ìbejì_Àgége: Ẹ má bínú síra yín. Nọ́ńbà panápaná Èkó ni 767 tàbí 112, ẹ tọ́jú ẹ̀ sórí fóònù.

Fọ́tò_Yaba: Ẹ káàárọ̀. Inú ìkòkò òdòdó tó ní yanrìn ló sùn, ní báńkónì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n: 4.1, 4.1, 3.6. Mo tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rọ̀ tìmùtìmù níbi tó le lánàá. Kí ni kí n ṣe sí i báyìí?

Ọmọ_Alaba: Mítà ẹ ló ń purọ́.

Aláṣọ_Balogun: Bọ̀dá, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí oṣù Kejìlá o.