Kì í ṣe gbogbo òkúta inú kíndìnrín ló ń yọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ, pé kí ẹni tó ní òkúta nínú kíndìnrín máa mu omi kánún, kó wá lọ gba ìgbì tó ń fọ́ òkúta (shock wave, tí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ń rán wọ inú ara láti ìta), pé èyíkéyìí ni yóò yọ́ dànù, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́ láti Kàbà dé Ìsánlú, ni mo ṣe fèsì.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Òkúta uric acid (ìdọ̀tí kan tí kíndìnrín ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀) lè yọ́ bí dókítà bá fúnni ní potassium citrate, oògùn tó ń dín kíkan ìtọ̀ kù, tí wọ́n sì ń yẹ ìtọ̀ wò kí pH rẹ̀ (ìwọ̀n kíkan: bó ṣe ń ga ni kíkan ń dín kù) má kọjá nǹkan bíi 7.2. Ìgbì náà, tí wọ́n kọ́kọ́ lò fún aláìsàn ní Munich, Jámánì, ní 1980, ń fọ́ òkúta sí wẹ́wẹ́. Oògùn á sì ráyè kan ara rẹ̀ dáadáa. Ibi tí àpapọ̀ méjèèjì ti wúlò nìyẹn.

Àmọ́ kálísíọ́ọ̀mù ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù. Kò sí oògùn mímu tó ń yọ́ ìyẹn.

Ti kánún tilẹ̀ burú jù: ta ló ń wọ̀n ọ́n? Sódíọ̀mù inú rẹ̀ kò dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ìtọ̀ tí pH rẹ̀ bá sì ga jù lè mú òkúta mìíràn dì. (Ẹ fi kánún sílẹ̀ fún ọbẹ̀ ilá, ẹ jọ̀ọ́.) Aboyún kò gbọdọ̀ gba ìgbì rárá. Ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ń dùn, tí ibà sì dá sí i, kó gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.