Eré sísá ò lè gbẹ iron ara yín tán o

Ẹ̀yin ará wa ní Àbújá, ẹ jọ̀ọ́. Message kan ń lọ káàkiri WhatsApp, mo rí i ní grúùpù àwa tá a máa ń sáré ní Jabi láàárọ̀ Sátidé, pé gbogbo iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó wà lára ẹni tó bá ń sáré ló ń bá òógùn jáde, pé kí obìnrin jáwọ́ ńbẹ̀ àbí kó máa lo ògùn ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Iron tó ń bá òógùn lọ kéré gan-an. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé téèyàn bá sá eré tó le tàbí tó gùn, ẹ̀dọ̀ á tú nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní hepcidin sínú ẹ̀jẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí ìfun gba iron inú oúnjẹ dáadáa, ó máa ń pọ̀ jù ní bíi wákàtí 3 sí 6 lẹ́yìn eré, tó bá yá á tún lọọlẹ̀. Torí náà, tẹ́ ẹ bá ti sáré tán, ẹ tètè jẹ ẹ̀wà yín, kẹ́ ẹ fi ọsàn tì í kí ara lè gba iron rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí tíì tó ń dí i lọ́wọ́ dúró dìgbà tó bá yá.

Lóòótọ́, iron obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù tó sì ń sá eré tó jìn lè lọọlẹ̀ o, àmọ́ ẹ lọ ṣe test ferritin, tó ń fi hàn bí iron tó wà nípamọ́ lára ṣe pọ̀ tó, ní láàbù kẹ́ ẹ tó ra ògùn kankan, torí iron tó bá pọ̀ jù náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, pàápàá àwọn SS tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára léraléra. Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ síbi tẹ́ ẹ ti rí tàkọ́kọ́.