Àgbo tí ń fún ara lágbára kọ́ ni immunotherapy

Ẹni tó bá ń wọkọ̀ ní Ìwó Road tàbí Challenge, n'Ìbàdàn níbí, yóò ti gbọ́ ọ: olóògùn á na ìgò àgbo sókè, á ní ó ń fún ara lágbára láti bá jẹjẹrẹ jà, àti pé ohun kan náà ni àwọn òyìnbó wá ń pè ní immunotherapy. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́, títí kan àwọn tó kàwé dáadáa. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Immunotherapy ni ìtọ́jú tí dókítà fi ń darí ẹ̀ṣọ́ ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà, láti kọjú ìjà sí jẹjẹrẹ; kì í ṣe pé kí ara kàn lágbára.

Ẹ jẹ́ ká fi jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ṣàpẹẹrẹ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó yẹ kó máa ṣọ́ ara ló di jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń pọ̀ ní àpọ̀jù nínú mùdùnmúdùn egungun títí wọ́n á fi gba àyè lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dára. Bí ọdẹ bá ti di olè, agbára wo la tún fẹ́ fún un? Ohun tí àwọn olùwádìí ṣe ni pé wọ́n fa ẹ̀ṣọ́ mìíràn, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì T, jáde nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà kí ó lè máa dá àmì CD19 tó wà lára jẹjẹrẹ náà mọ̀, wọ́n sì dá a padà sínú ara. Ọdún 2017 ni Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìtọ́jú yìí, fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí oògùn mìíràn kò ràn.

Ti melanoma, tí í ṣe jẹjẹrẹ awọ ara, tún yàtọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ara wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ti tẹ bíréèkì rẹ̀. James Allison àti Tasuku Honjo, tí iṣẹ́ wọn fi hàn pé a lè tú bíréèkì náà, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Nínú ìwádìí kan tó kó aláìsàn 945 jọ, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ipilimumab pẹ̀lú nivolumab, oògùn méjì tó ń tú bíréèkì náà, ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5, bẹ́ẹ̀ àrùn tó ti tàn kálẹ̀ ni. Oògùn wọ̀nyí léwu pẹ̀lú, nítorí ẹ̀ṣọ́ tí a tú sílẹ̀ lè kọjú ìjà sí ìfun, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ni ín, ìdí sì nìyẹn tí dókítà kì í fi í gbójú kúrò lára aláìsàn.

N kò kẹ́gàn ewé o. Ara ewéko ni wọ́n ti rí vincristine, tó ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ ńṣe ló ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ìwọ̀n rẹ̀ sì mọ níye. Ohun tó ń dùn mí ni ẹni tó jókòó ti ìgò àgbo nílé nígbà tí àmì dúdú ń gbòòrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí lábẹ́ èékánná rẹ̀, níbi tí melanoma ti sábà ń yọ lára àwa aláwọ̀ dúdú. Kí ó gbé ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà lọ sí ilé ìwòsàn UCH, kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò.