Ọ̀pá ràífù tó ń dán lè ti kú tipẹ́

"Gbé e kojú fèrèsé, kí o wo inú rẹ̀. Bó bá ti ń dán gbinrin, sanwó." Láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Ìkọ̀lé, ibi tí ọdẹ méjì bá ti jókòó ti ìbọn àlòkù, ẹ ó gbọ́ ìmọ̀ràn yìí. Ẹni tó ń ta ìbọn mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi ń fi epo nu inú ọ̀pá kí ẹ tó dé.

Àwọn àgbà tó fi í lé wa lọ́wọ́ kò purọ́. Ṣakabùlà ni wọ́n fi mọ ìbọn, lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì dé. Inú ọ̀pá àwọn yẹn tẹ́jú gbọ̀ọ̀rọ̀, kò sí ilà kankan níbẹ̀. Ẹtù dúdú a sì máa fi iyọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn yíyìn, iyọ̀ yìí á máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ọdẹ tó bá ti igbó dé lóru nínú oṣù Agẹmọ, tó gbé ìbọn kọ́ láìfọ̀ ọ́, kí ọjọ́ mélòó kan tó pé, ìpẹtà á ti gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sínú irin. Fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀, dídán sọ nǹkan: ó sọ pé ẹni tó ni ín ń tọ́jú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìgbà tí a gbé ìmọ̀ yẹn lọ sórí ràífù.

Ràífù ní ilà nínú. Ilà náà ń lọ́ yípo láti ìdí ọ̀pá dé ẹnu, òun ló ń yí ọta bó ṣe ń jáde kó lè fò tààrà. Agbára tí iná ẹtù fi ń ti inú rẹ̀ sì yàtọ̀. Katiriji ni ìdì tó kó ọta àti ẹtù pọ̀; ti ẹlẹ́nu kan oní-12 tó wọ́pọ̀ kì í ju nǹkan bíi 11,500 pọ́n-ùn lọ lórí ínṣì kan níbùú lóròó. Ti .22 LR, ìyẹn ràífù kékeré, lè tó 24,000. Ràífù .308 tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń ṣọdẹ ìgalà lè dé 62,000. Iná tó ń bá agbára yìí rìn gbóná ju 2,000 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì, bẹ́ẹ̀ irin ọ̀pá ń yọ́ ní nǹkan bíi 1,500. Ohun tó ń gba ọ̀pá là ni pé iná náà kì í dúró, bó ṣe dé ló ń lọ.

Ojú kan ló ń jẹ ìyà yìí jù: ọ̀fun ọ̀pá, níbi tí ọta ti ń kúrò nínú katiriji bọ́ sínú ilà. Irin ibẹ̀ á máa là wẹ́wẹ́ bí ẹrẹ̀ ìdí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìbẹ̀rẹ̀ ilà á sì máa jẹrà lọ síwájú. Iyókù ọ̀pá lè máa dán bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹni tó gbé ojú sí ẹnu ìbọn ń wo iyókù náà, ọ̀fun kò hàn sí i. Àwọn tó mọṣẹ́ a máa ki kámẹ́rà tín-ín-rín wọ ọ̀pá kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ọ̀pá .308 lè dáa títí di nǹkan bíi ìyìnbọn 5,000. Ti .22 kì í tètè jẹ lọ́fun, torí òjé ni ọta rẹ̀, agbára rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìpẹtà àti ọ̀pá ìnùbọn ni ọ̀tá tirẹ̀.

Èyí tó ṣókùnkùn nínú ńkọ́? Bóyá òun gan-an ló yẹ kí ẹ rà. Ọta tí wọ́n fi bàbà bò a máa fi bàbà sílẹ̀ lára ilà, inú ọ̀pá á wá rí rádaràda. Ẹ fi omi ìfọ̀bọn tó ní amóníà sínú aṣọ funfun, ẹ tì í kọjá. Bí aṣọ bá jáde ní àwọ̀ búlúù tàbí àwọ̀ ewé, bàbà lẹ rí yẹn, kì í ṣe ìpẹtà. Ẹ tún un ṣe títí aṣọ á fi jáde ní funfun, kí ẹ tó dá ọ̀pá lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá rere ni wọ́n ti tà lówó pọ́ọ́kú nítorí ìdọ̀tí yìí nìkan.

Àwọn kan tún wà tí í máa ki orí ọta bọ ẹnu ọ̀pá, bó bá rì jù wọ́n á ní ọ̀pá ti jẹ. Ẹnu ni wọ́n wọ̀n. Ó lè fi hàn pé ẹnìkan ti fi ọ̀pá ìnùbọn ha ẹnu náà tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa ọ̀fun.

Ohun tí èmi yóò wò nìyí, lẹ́yìn tí mo bá ti rí i pé kò sí ọta nínú ìbọn. Màá mú fọ́nrán òwú, màá fà á láti inú ẹnu ọ̀pá síta, yíká yíká. Ibi tó bá ti kọ́ òwú, etí ibẹ̀ ti ṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọta ti ń kúrò lára ọ̀pá, bí èéfín bá sì ti ẹ̀gbẹ́ kan yọ ṣáájú, ọta á ṣẹ́ kọrọ. Ìyẹn kò burú jù, ẹni tó ń tún ìbọn ṣe lè gé etí náà dọ́gba. Ẹ kàn fi dín owó ni.

Ṣùgbọ́n bí mo bá ń yí ọ̀pá díẹ̀díẹ̀ kojú fèrèsé, tí mo rí òjìji dúdú kan tó yí inú rẹ̀ po bí òrùka, owó mi ń padà sápò. Ọ̀pá yẹn ti wú: ẹrẹ̀ tàbí ọta kan há sínú rẹ̀, ẹnìkan sì tún yìn ín. Kò sí àtúnṣe. Sáńpépà náà ńkọ́, èyí táwọn kan fi ń ha inú ọ̀pá kó lè dán? Ó ń jẹ etí ilà, ẹ sì sá fún un.

Ti gígùn ọ̀pá, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. .22 ti ń lo ẹtù rẹ̀ tán ní nǹkan bíi ínṣì 16 sí 18, ìyókù ẹrù ni ẹ ń gbé wọgbó.

Ẹ má sì rò pé ọ̀pá ìbọn kan á wọ ara ìbọn mìíràn nítorí pé ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Àyè tó wà láàárín ìdí katiriji àti ibi tí ìbọn ti ń tì í gbọ́dọ̀ péye. Irin ìwọ̀n méjì ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: ọ̀kan gbọ́dọ̀ wọ̀, èkejì kò gbọdọ̀ wọ̀. Bí àyè náà bá pọ̀ jù, katiriji lè ya, iná rẹ̀ á sì kọjú sí yín. Ẹ gbé e fún ẹni tó ní àṣẹ láti tún ìbọn ṣe, torí Òfin Ìbọn ọdún 1959 ṣì ń ṣiṣẹ́. Ràífù ogun kò sí fún aráàlú, èyí tó kù gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, kí nọ́ńbà ara ìbọn sì bá ti inú ìwé mu. Bí ẹni tó ń tà kò bá jẹ́ kí ẹ fi òwú kan ẹnu ọ̀pá, tàbí tó ní ìwé ń bọ̀ lọ́la, ẹ máa lọ.