Ìjọ kì í kàn "gbòòrò" lásán

Ìwé àjọ̀dún ìjọ Onítẹ̀bọmi mìíràn tún ti jáde. Fọ́tò àwọn ìgbìmọ̀, tagbádá-tagèlè, gba bí ojú ewé méjìlá. Ìtàn ìjọ gba ẹyọ kan àbọ̀. Nínú ẹyọ kan àbọ̀ yẹn náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ Olúwa ń gbòòrò, làwọn ará kan bá lọ dá ìjọ kejì sílẹ̀ ní òdìkejì títì. Òdìkejì títì o! Iṣẹ́ wo ló gbòòrò débi pé ẹ̀ ń gbọ́ orin ara yín láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, tí díákónì tibí kì í kí díákónì tọ̀hún?

Ẹ jà ni. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ta tiẹ̀ ló sọ pé ìtìjú ni? Ẹ wo First Baptist ti Broad Street l'Ékòó tí gbogbo wa fi ń yangàn. T. J. Bowen, ajíhìnrere tí ìjọ Southern Baptist ti Amẹ́ríkà rán wá, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, ilé ìsìn dúró ní Ìjàyè Kúrunmí ní 1854, Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè túútúú ní 1862. Ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà lásìkò kan náà, owó tí Southern Baptist ń fi ránṣẹ́ bá dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn Ìfọ́lé Abẹ́òkúta ní 1867, tí wọ́n fọ́ ilé ìsìn tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere jáde nílùú, Èkó ló kù tí iṣẹ́ fara pa mọ́ sí. Àwọn òyìnbó Onítẹ̀bọmi tán nílẹ̀ kí W. J. David, òyìnbó ajíhìnrere tí Southern Baptist rán wá, tó dé ní 1875. Ta ló wá di ìjọ mú? Sarah Harden ni, opó J. M. Harden, ajíhìnrere aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó gba Liberia wá s'Ékòó tó sì kú ní 1864. Obìnrin yìí ń kọ́ ọmọ níwèé, ó ń kó àwọn tó ṣẹ́ kù jọ. Ẹ ka ìwé àjọ̀dún mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wo èyí tí orúkọ ẹ̀ ti jẹ yọ.

Ìjà gan-an wá dé ní 1888. Moses Ládéjọ Stone, ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti gbọ́wọ́ lé lórí fún iṣẹ́ pásítọ̀ ní 1880, ní kí wọ́n fi kún owó òun. David dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ láìgbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ìjọ. Àwọn kan á ní owó ni wọ́n jà sí. Owó ló ṣáná sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi tó jó kì í ṣe owó. Òfin Onítẹ̀bọmi ni pé ìjọ ló ń pe pásítọ̀, ìjọ náà ló ń tú u sílẹ̀, nínú ìpàdé, pẹ̀lú ìbò. Ẹni tó yẹ kó fi ìyẹn kọ́ wọn ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbá a sọnù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bá jáde, wọ́n fi ilé ìsìn sílẹ̀ fún un, wọ́n dá Native Baptist Church sílẹ̀, èyí tá à ń pè ní Ebenezer lónìí. D. B. Vincent wà lára wọn, ẹni tó wá di Mojọlá Agbébí. Nígbà tí tọ̀tún-tòsì sì jókòó pọ̀ ní 1914 láti dá Yoruba Baptist Association sílẹ̀, Agbébí yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́.

Kí ìgbìmọ̀ ìtàn má wulẹ̀ sọ pé àwọn ò rí ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Kò ṣòro rí. Ẹ gbé ìwé orúkọ ọmọ ìjọ kalẹ̀. Bí ẹnì kan ṣe wọlé wà níbẹ̀: nípa ìtẹ̀bọmi, tàbí nípa lẹ́tà láti ìjọ mìíràn. Bó ṣe jáde náà wà níbẹ̀: ikú, lẹ́tà, tàbí "a yọ ọ́". Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé owó. Bí ogójì orúkọ bá dákẹ́ nínú ìwé ìdámẹ́wàá lóṣù kan ṣoṣo, tí ẹ ò sì rí ikú tàbí lẹ́tà níwájú wọn, ẹ lọ ṣí ìwé ìpàdé ìjọ ti bí oṣù mẹ́ta ṣáájú. Ibẹ̀ ló máa ń wà. Bí wọ́n bá ti ya ojú ewé yẹn kúrò, ẹ ti débẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má fi òkúta ìpìlẹ̀ ka ọdún o. Ọdún ilé ló wà lára òkúta. Ìjọ lè ti wà ní pálọ̀ ẹnì kan fún ọdún mẹ́sàn-án kí bíríkì àkọ́kọ́ tó wọlẹ̀. Ọdún tí Convention, àpapọ̀ àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà, gbà yín wọlé tún yàtọ̀. Ọjọ́ táwọn ọmọ ìjọ bá ara wọn dá májẹ̀mú ni ìjọ Onítẹ̀bọmi di ìjọ, ẹ wá ọjọ́ yẹn. (Ìjọ tó yapa tó tún ń ka ọdún ìyá ẹ̀ mọ́ tirẹ̀, kí wọ́n má baà pè é lábúrò, ẹ mọ ara yín.) Ẹ ṣọ́ orúkọ náà: ẹni tí kò bá mọ̀ pé Vincent ló di Agbébí á ka èèyàn kan sí méjì. Ti àwọn obìnrin tiẹ̀ burú jù, torí orúkọ ọkọ ni akọ̀wé kọ, bí ọkọ bá sì kú tí ìyàwó fẹ́ ẹlòmíràn, ó di àwátì. Ìwé W.M.U., ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ, lẹ máa fi rí i. Bẹ́ ẹ bá sì ń bi àwọn àgbàlagbà léèrè, kí kálukú wà ní ilé tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá kó wọn jọ, ẹni tó dàgbà jù á sọ tirẹ̀ tán, àwọn yòókù á ní bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ sọdá títì pẹ̀lú, kẹ́ ẹ lọ bi àwọn tọ̀hún.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n lè fọwọ́ sọ̀yà tán nínú ọ̀rọ̀ 1888 ni pé Stone tí wọ́n torí ẹ̀ jáde padà sọ́dọ̀ mission àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1894, ó tún ń ṣe pásítọ̀ First Baptist. Àwọn tó bá a jáde dúró sí Ebenezer. Ìtàn tó rọrùn fún wa láti kọ sórí aṣọ àjọ̀dún kọ́ nìyẹn.

Ìwé ìpàdé náà sì rèé: ọwọ́ àwọn tó borí ni kálámù máa ń wà lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ "a yọ ọ́" síwájú orúkọ ẹnì kan. Ọmọ-ọmọ ẹni yẹn lè jẹ́ alága àwọn díákónì lónìí. Ṣé kí wọ́n tẹ orúkọ bàbá bàbá ẹ̀ síbẹ̀ kó máa kà á lójú gbogbo ìjọ? Àbí kí wọ́n kàn kọ "arákùnrin kan"? Bí wọ́n bá wá kọ "arákùnrin kan", ṣé kì í ṣe inú "gbòòrò" yẹn náà la tún padà sí?