Ẹ jẹ́ kí Ìyanu sọ Yorùbá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ tí iná ò dẹ̀ dúró mọ́ ládùúgbò wa ni mo ti padà sídìí ìwé kíkà, torí fóònù á kú, tẹlifíṣọ̀n á kú, ìwé ò ní kú ní tiẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kékeré ti tó o. Mi ò kì í ṣe olùkọ́, mi ò dẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́ àwọn òǹkàwé kankan, ohun tó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni mò ń kà, èyí tó bá dùn mo máa kà á débi parí, èyí tí ò bá dùn mo máa pa á dé. Láàárín oṣù méjì yìí mo ti ka ìwé Yorùbá méjì, kọ́míìkì méjì, pẹ̀lú àwọn Atọ́ka àtijọ́ kan, ìwé ìròyìn tó ń fi fọ́tò sọ ìtàn, tí mo bá nínú àpótí bàbá mi, ọ̀rọ̀ kan ló wá kó gbogbo wọn pọ̀ lọ́kàn mi, ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú kọ́míìkì, tí mo ní kí n bá yín sọ.

Ọmọ mi obìnrin ló fà á. Ọmọ ọdún 11 ni. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi kọ́míìkì Iyanu: Child of Wonder ránṣẹ́ sí i, èyí tí Roye Okupe kọ tí Godwin Akpan ya àwòrán ẹ̀, ilé iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2021, òun náà ni wọ́n sọ di katúùnù ní 2025. Ọmọ yìí kà á tán láàárọ̀ Sátidé kan, nígbà tó dọ̀sán ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dúró títí ó fi sùn kí n tó rí i gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ó dáa gan-an. Ọmọ òrukàn kan tó ń gbé lẹ́yìn odi ìlú pẹ̀lú obìnrin kan tó ń jẹ́ Olórí tó ń tọ́ ọ, àwọn ẹranko tí ègún ti yí padà ń dààmú àwọn ará ìlú, ọmọ náà wá rí i pé agbára kan tí òun ò mọ̀dí ẹ̀ wà lára òun. Aṣọ tí wọ́n wọ̀, odi ìlú, igbó, gbogbo ẹ̀ ni ẹni tó yà á fọwọ́ sí dáadáa, o máa rí i pé ilé wa ni. Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, gbogbo ẹni tó ń fò lókè nínú kọ́míìkì, òyìnbó ni. Kí ọmọ mi ṣí ìwé kó rí ọmọbìnrin dúdú tó ń jẹ́ Ìyanu, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, mo dẹ̀ ń fi gbogbo ọkàn mi dúpẹ́ ni.

Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, mò ń ṣa ẹ̀fọ́ ní kíṣìnnì, ó wá bá mi, ó ní, "Màámi, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílẹ̀ Yorùbá láyé ọjọ́un ni?" Mo ní rárá o, Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ó ní, "Kí ló wá dé tí Ìyanu ò sọ ọ́?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ní torí kí gbogbo ayé lè kà á ni. Ó ní ó dáa, ó bá tiẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èmi ò lè gbé e kúrò lọ́kàn, torí èsì tí mo fún un yẹn, mo mọ̀ pé kò tó.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, Naruto, kọ́míìkì àwọn ará Japan, ni tiẹ̀. Ẹ má bínú sí mi ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀, mo ka díẹ̀ níbẹ̀ ìjà ẹ̀ pọ̀ jù fún mi, wọ́n á jà wọ́n á tún dúró sọ̀rọ̀ wọ́n á tún jà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, Masashi Kishimoto tó kọ ọ́, èdè Japan ló fi kọ ọ́ láti 1999 títí di 2014, inú ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé ilẹ̀ wọn ló ti ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò kọ́kọ́ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo ayé tó lè gbọ́. Naruto inú ìtàn yẹn ń jẹ rámẹ́ẹ̀nì, núdù ilẹ̀ wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sẹ́ni tó ní kó lọ jẹ búrẹ́dì torí ẹni tó wà ní Ìbàdàn. Ayé ló wá a lọ sílé, ayé ló lọ wá ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀. Ọmọ tèmi tí ò dé Japan rí ti mọ ọ̀rọ̀ wọn bíi mẹ́wàá.

Kọ́míìkì kejì tí mo kà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, òun ni Aya. Marguerite Abouet ló kọ ọ́, Clément Oubrerie ló ya á. Àbíjàn ni wọ́n bí Abouet sí, ó wà lọ́mọdé nígbà tó lọ sí Paris. Ìtàn náà wáyé ní Yopougon, ládùúgbò kan ní Àbíjàn, lọ́dún 1978, àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Aya tó fẹ́ di dókítà, Adjoua àti Bintou tó jẹ́ pé ijó àti fàájì ló wà lórí ẹ̀mí tiwọn. Kò sógun níbẹ̀, kò sẹ́ni tí ebi ń pa kú, kò sí ọmọ tí eṣinṣin bà lé lójú, àwọn èèyàn tó ń gbé ilé ayé wọn ló wà níbẹ̀, bàbá tó fẹ́ fọmọ ẹ̀ fún ọmọ ọ̀gá, ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ ẹ̀, ọmọkùnrin tó ń purọ́ fún ọmọbìnrin. Nígbà tí Adjoua bímọ tó ní ti ọmọ olówó yẹn ni, tí gbogbo wọn wá ń wo ojú ọmọ, mo rẹ́rìn-ín débi tí ọkọ mi fi jí.

Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé àwọn ará Ẹ̀jìgbò ti Ọ̀ṣun ló kún Àbíjàn, ẹ dé Ẹ̀jìgbò báyìí ẹ máa gbọ́ Faransé lọ́jà. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀jìgbò, Àbíjàn ló gbé dàgbà kí wọ́n tó padà wálé. Èmi ka ti Gẹ̀ẹ́sì, òun wá ka ti Faransé lórí fóònù ẹ̀, a jókòó síwájú sọ́ọ̀bù ẹ̀ à ń ṣí i lójúewé-lójúewé. Ibi tí mo bá ti rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan òun á rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní Faransé tó wà níbẹ̀ kì í ṣe Faransé ilé ìwé, Faransé àwọn tó ń gbé Àbíjàn gan-an ni, bí ìyá olóúnjẹ ṣe ń sọ ọ́, bí àwọn ọmọ ìgboro ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tí ò bá gbọ́, wọ́n kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ìwé fún un, wọ́n tún kọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀pà síbẹ̀. Ìwé yẹn gba ẹ̀bùn níbi àjọ̀dún kọ́míìkì Angoulême ní Faransé ní 2006. Àwọn tó fún un lẹ́bùn ò gbé Yopougon, ìwé ló gbé wọn débẹ̀.

Ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ nìyẹn. Àwa náà ti ṣe é rí, a kàn gbàgbé ni.

Mo ra Àjà Ló Lẹrù lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀, èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló kọ ọ́, 1969 ló jáde. Mo rò pé mo máa kàn ka ojú ewé méjì ni. Ẹ gbọ́, ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ojú mi tó mọ́ ọn, torí nílé ìwé tí mo lọ owó ìtanràn la máa ń san tá a bá sọ Yorùbá, márùn-ún náírà lórí gbólóhùn kan, wọ́n á tún so pátákó mọ́ ẹ lọ́rùn, nítorí náà mo gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n kíkà ẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Ó ń dùn mí títí dòní. Àmọ́ nígbà tí mo kà á dé bí ojú ewé ogójì ara mi ti yá, mo ń kà á sókè, mo wá rí i pé ẹnu ni ìwé yẹn fẹ́, kì í ṣe ojú nìkan. Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ló ń lé àwọn ọ̀daràn kiri, òun àti Tàfá Ìgìrìpá, kì í dúró de òfin, ọ̀nà tiẹ̀ ló ń gbà ṣe é, ibẹ̀ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn torí tí gbogbo wa bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ìlú á dàrú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin yẹn! Ó lè bú èèyàn kó jẹ́ pé lọ́jọ́ kejì lẹni náà á tó mọ̀ pé wọ́n bú òun. Bí àwọn àgbà Ìbàdàn ṣe ń sọ̀rọ̀ ní géréèjì gan-an ni. Ọkọ mi tí kì í kàwé, ó pa rédíò kó lè máa gbọ́. Tí mo bá dúró láti mumi ó máa ní, "Ìyá ẹ, kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, àkàtúnkà ni tèmi, ọmọ mi ni mo kà á fún. 1938 ni ìwé yẹn jáde, 30 ọdún lẹ́yìn náà ni Wọlé Ṣóyínká tó sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, tí Bruce Onobrakpeya ya àwòrán sínú ẹ̀. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa Naruto, ohun kan náà ni, Fágúnwà kọ ọ́ fún wa ná. Ibi tí Àkàrà-oògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, ti pàdé Àgbákò, tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí ẹ̀ ká, ọmọ mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó lọ mú bírò, ó ní òun fẹ́ yà á. Ó ya ojú mẹ́sàn-án àyè tán, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́tun. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín, nígbà tá a délé Ìrágbèje níbi tí wọ́n ti lo ọjọ́ méje tí bàbá ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, ìwàásù yẹn gùn, ọmọ sùn. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní fẹ́ gbọ́ èyí nípa Fágúnwà. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ, ìdí tí mo fi ń sọ òótọ́ ẹ̀ nìyẹn, ẹ má sọ fọ́mọdé pé gbogbo ojú ewé ẹ̀ ló dùn bákan náà, ẹ jẹ́ kó fo ibi tó bá fẹ́ fò kó tètè rí àwọn ẹbọra.

Ó wá ku Atọ́ka. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tó àádọ́ta ọdún ẹ máa mọ̀ ọ́n. 1967 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Fọ́tò ni wọ́n fi ń sọ ìtàn, àwọn eléré orí ìtàgé wa ló wà nínú fọ́tò, irú àwọn Oyin Adéjọbí, wọ́n á duro bí ẹni tó ń ṣeré, wọ́n á yà wọ́n, wọ́n á wá kọ ohun tí oníkálùkù ń sọ sínú róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀. Ní Yorùbá! Kọ́míìkì ni, kò yàtọ̀. Mẹ́ta ni mo bá nínú àpótí bàbá mi, ìtàn ọ̀kan ò parí níbẹ̀, wọ́n ní ká dúró de èyí tó ń bọ̀, èyí tó ń bọ̀ yẹn ni mi ò rí. Ọmọ mi wò ó, ó ní, "Màámi, wọ́n ń sọ Yorùbá nínú eléyìí." Bó ṣe sọ ọ́ yẹn, bí ẹni tó rí nǹkan tó sọnù ni.

Ẹ dákun, ẹni kankan ò gbọ́dọ̀ sọ fún mi pé Yorùbá ò ṣe é fi ṣe kọ́míìkì, a ti fi ṣe é kí wọ́n tó bí mi. Mo mọ̀ pé owó wà ńbẹ̀, mo mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ tà á fún ará Amẹ́ríkà, mi ò dá Roye Okupe lẹ́bi rárá, ohun tó ṣe pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì yẹn kó máa bá tiẹ̀ lọ. Èyí tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ẹ̀dà kejì, àwòrán kan náà, kí wọ́n kàn yọ ọ̀rọ̀ inú róbótó yẹn kúrò kí wọ́n fi Yorùbá sí i, Yorùbá tí èèyàn ń sọ lẹ́nu o, kì í ṣe ti inú ìdánwò, kí wọ́n gbé e fún ẹni tó lè sọ̀rọ̀ bíi Lápàdé. Mo máa ra méjì lọ́jọ́ tó bá jáde.

Kó tó dìgbà náà, èmi àti ọmọ mi ti bẹ̀rẹ̀ tiwa. Bébà kékeré la gé, ó ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́, a ń fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí èyí tó wà níbẹ̀. Ojú ewé mẹ́fà la ti ṣe. Kò rọrùn, torí róbótó yẹn kéré, ọ̀rọ̀ wa dẹ̀ máa ń gùn. Lánàá a dé ibi tí Olórí ti ń bínú sí Ìyanu, mo ní kí ló yẹ kó sọ, kò tiẹ̀ rò ó rárá tó fi kọ ọ́: "Ìwọ ọmọ yìí, etí ẹ di ni?"

Ẹni tó bá ní Atọ́ka nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á ní fọ́tò kẹ́ ẹ fi síbí, gbogbo ojú ewé ẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o fún ìyá alákàrà.